Kí Ọwọ́ Tó Wọ Àpò

Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí gbólóhùn kan ò ti kúrò létí mi: "Ṣebí ó ti sanwó, kí ló tún ń wá?" Ọ̀rọ̀ ẹnì kan tí wọ́n fi kíláǹpù de táyà ọkọ̀ rẹ̀ ní Kútọ̀, nílùú Abẹ́òkúta, pé ó gbé e síbi tí kò yẹ, ni wọ́n ń sọ. Gbogbo àwọn tó wà níjokòó ló mi orí pé òótọ́ ni. Owó ti bọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló gba owó náà, òfin wo ló fi gbà á, tàbí ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé wọn kì í gbé ọkọ̀ síbẹ̀. Owó tí onítọ̀hún san ló wá di ẹlẹ́rìí tó ń ta kò ó.

Mo rò ó títí, mo sì rí i pé èrò yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ìtanràn tí kò tọ́ máa gbilẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ẹ máa sanwó lónìí, tó sì mọ̀ pé ẹ ò ní padà wá lọ́la, kí ni yóò bẹ̀rù? Àwọn tó tiẹ̀ padà lọ jà á ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pàdánù ẹjọ́ kí wọ́n tó dé ọ́fíìsì kankan. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ́hùn-ún, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ni wọ́n ti pàdánù rẹ̀.

Kí n tètè sọ eléyìí: ẹni tó gbé ọkọ̀ dí ẹnu géètì ilé ìwòsàn, tàbí tó gbé e sí kọ́nà tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ti ní rí iwájú, kó sanwó kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ mi ò kàn án.

Ìjọba wo ló mú yín?

Mi ò ní máa sọ fún ọmọ Ẹ̀gbá pé ọ̀nà Ìtọ̀kú há, tàbí pé kẹ̀kẹ́ pàápàá ń wá ibi dúró sí ní Lafẹ́ńwá lọ́jọ́ tí ọjà bá kún. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò fiyè sí ni pé ìjọba tó ń mú ọkọ̀ nígboro ju ẹyọ kan lọ. FRSC tí à ń pè ní róòdù séfútì, ti ìjọba àpapọ̀ ni. TRACE, àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó, ti ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní àwọn tiwọn: Gúúsù Abẹ́òkúta tó fi Aké ṣe ibùjókòó, àti Àríwá Abẹ́òkúta tó wà ní Àkómojé. Ìwé ìtanràn wọn ò jọra, àpò tí owó wọn ń wọ̀ ò jọra, ẹni tí ẹ máa kọ̀wé sí náà ò jọra. Ẹni tí ìpínlẹ̀ fún níwèé tó wá lọ ń pariwo ní Aké ń rọ omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni. Bákan náà, ẹni tó bá ní Àkómojé ló rán òun, tó sì mú yín ní Pànṣẹ́kẹ̀ tó wà ní Gúúsù, ti kọjá ààlà ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan sì tó gbé lẹ́tà ró.

Ẹnì kẹrin wà tí kò yé wa bóyá ìjọba ni àbí kì í ṣe ìjọba. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán yanranyanran, kò sí orúkọ láyà rẹ̀, kò sí káàdì lọ́rùn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kọ́ńtírákítọ̀ kan ló gbà á síṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́ rárá. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1998 lórí owó orí àti owó òde ka ìtanràn ọkọ̀ tí wọ́n gbé síbi tí kò yẹ mọ́ owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà. Nítorí náà, ẹ má bá wọn jiyàn pé wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i rárá. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló sọ pé ẹni tí kì í ṣe aláṣẹ tí ọ̀rọ̀ kàn kò gbọ́dọ̀ bu owó náà léni tàbí kó gbà á, pé ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ dínà nítorí àtigba owó. Ìjìyà tó fi sí i ni ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè "ta ló rán yín?" fi ṣe pàtàkì ju "kí ni mo ṣe?" lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó. Ìyá kan gbé ọkọ̀ sẹ́bàá gọ́tà nítòsí ọjà Ìtọ̀kú, ó wọlé lọ gbé ẹrù àdìrẹ méjì. Nígbà tó máa jáde, kíláǹpù ti wà lára táyà iwájú, géńdé méjì sì dúró tì í. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń yá wa lẹ́nu. Àmọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, "ẹ má bínú" ti di ìjẹ́wọ́. Tó bá dọ̀la, wọ́n á ní, "Ó bẹ̀ wá, òun náà mọ̀ pé òun ṣẹ̀." Ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, kí ìbéèrè tẹ̀ lé e:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ́fíìsì wo lẹ ti wá?"

"Ìjọba ni wá, Màmá."

"Ìjọba wo?"

Níbi ìbéèrè kejì yìí ni ojú ti máa ń yí padà. Ẹni tó wá fún iṣẹ́ gidi á dárúkọ ọ́fíìsì rẹ̀, á fi káàdì hàn. Ẹni tí kò wá fún iṣẹ́ gidi á bínú. Bó bá ti dáhùn, kí Màmá fi ohùn kan náà sọ pé: "Ó dáa. Ẹ bá mi kọ ọ́ síwèé. Ẹ kọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀, ẹ kọ ibi tí mo gbé e sí gan-an, ẹ kọ aago, ẹ kọ abala òfin tó sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ yín sí i. Mi ò bá yín jà o."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ariwo ni wọ́n ń retí, torí pé bí ẹ bá ti pariwo, ẹ̀sùn yóò kúrò lórí ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí, yóò di pé ẹ dí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ iṣẹ́. Ẹ̀sùn yẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ṣòro láti jàre rẹ̀ nítorí pé èrò ọjà ti rí yín.

Bí ẹ bá ti béèrè ìwé, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló máa ṣẹlẹ̀. Wọ́n lè kọ ọ́ fún yín, ìyẹn lẹ máa fi jà. Tàbí kí owó bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n á di mẹ́wàá, mẹ́wàá á di "Màmá, ẹ mú ohun tó wà lọ́wọ́ yín wá". Ẹ ṣàkíyèsí ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ìtanràn tí òfin gbé kalẹ̀ kì í ní ẹ̀dínwó. Lórí ìwé FRSC, bí àpẹẹrẹ, dídí ojú ọ̀nà ní àmì tirẹ̀, ROB, iye rẹ̀ jẹ́ ₦3,000 àti pọ́ìntì mẹ́ta sórí láísẹ́ńsì, kò sì sẹ́ni tó ń ná an bí ẹni ń ná iṣu. Owó tí ẹ bá ti lè ná, ẹ̀gúnjẹ ni. Òfin tó dá ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sílẹ̀ lọ́dún 2000 sì mú ẹni tó fúnni bó ṣe mú ẹni tó gbà. Yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n, ìpalára tó súnmọ́ yín jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀gúnjẹ kì í ní rìsíìtì. Ẹni tó bá fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún bọ́ lónìí ti ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti jà á lọ́la.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe bó ti wù kí inú bí yín tó. Ẹ má fi ayùn rẹ́ kíláǹpù. Dúkìá ìjọba ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ọkọ̀ yín ló wà, ẹni tó bá bà á jẹ́ ti fi ẹjọ́ ọ̀daràn rọ́pò ẹjọ́ ìtanràn. Ẹ má wa ọkọ̀ lọ nígbà tí ènìyàn dúró níwájú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí láísẹ́ńsì tàbí ìwé ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé ẹni tó gbà á kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì buwọ́ lù ú.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi tówìn wọ́ ọ, ẹ ya fídíò yí ọkọ̀ po kí wọ́n tó gbé e: ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bọ́ńpà, gíláàsì, kìlómítà tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ kó fóònù, owó àti ìwé kúrò nínú rẹ̀. Ẹ béèrè ọgbà tí wọ́n ń gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà gan-an, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ka dẹ́mọ́réèjì, ìyẹn owó ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà nínú ọgbà wọn. Mo ti rí i tí dẹ́mọ́réèjì ju ìtanràn gan-an lọ.

Ohun tí fọ́tò gbọ́dọ̀ sọ

Fọ́tò kan ṣoṣo tó fi táyà àti kíláǹpù hàn kò wúlò fún nǹkan kan. Gbogbo ayé ti gbà pé wọ́n mú yín, ibi tí wọ́n ti mú yín ni ìjà wà. Ẹ dúró lókèèrè kẹ́ ẹ ya ọkọ̀ pẹ̀lú òpópónà, kí ṣọ́ọ̀bù tàbí bíríìjì tó wà nítòsí hàn nínú rẹ̀. Ẹ ya àlàfo tó wà láàárín táyà àti gọ́tà. Ẹ ya nọ́ńbà ọkọ̀, kẹ́ ẹ wá ya ìwé tí wọ́n fún yín níwájú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fídíò, kẹ́ ẹ rin ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ síwájú, ọgbọ̀n sẹ́yìn, láìdá a dúró. Fídíò yẹn ló máa fi hàn bóyá síbọ́ọ̀dù kankan wà tó ní kí ènìyàn má gbé ọkọ̀ síbẹ̀, tàbí pé ó wà ṣùgbọ́n agboòrùn oníkáàdì àti tábìlì alákàrà ti bò ó mọ́lẹ̀. Síbọ́ọ̀dù tí awakọ̀ ò lè rí látinú ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí.

Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ló bàjẹ́, ẹ ya C-caution tí ẹ gbé sẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ mẹkáníìkì tó tún un ṣe, kí ọjọ́ àti aago wà lórí rẹ̀. Mẹkáníìkì wa kì í sábà kọ rìsíìtì. Ẹ kọ ọ́ fún un, kó buwọ́ lù ú.

Ohun kékeré kan tó ń ba ẹ̀rí jẹ́: bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe máa ń ṣe, ọjọ́ àti ibi tí fóònù kọ sínú rẹ̀ á sọnù. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Ẹ má gé e, ẹ má kọ nǹkan sí i lójú.

Òfin tó wà lẹ́yìn owó

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí abala 36 ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ń sọ nìyẹn ní èdè tirẹ̀. Ó ní aláìjẹ̀bi ni ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí dá a lẹ́bi. Ìlà kejìlá rẹ̀ wúlò fún wa jù: wọn ò lè dá ènìyàn lẹ́bi lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn ò kọ sínú òfin, tí wọn ò sì kọ ìjìyà rẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, "ọ̀gá ló ní ká máa gba mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n" kì í ṣe òfin. Ìwé àṣẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì kì í ṣe òfin.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 2014, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Àbújá wo ètò tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ọkọ̀ sójú pópó, ó sì dá a dúró, torí pé kò rí òfin tó gbé e ró. Ètò náà ní ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o, ó ní ẹ̀rọ, ó ní kíláǹpù. Òfin nìkan ni kò ní.

Ẹ lè béèrè òfin yìí lọ́wọ́ wọn láìpe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ méje láti dá ẹni tó bá béèrè ìwé lóhùn, ẹ ò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi béèrè. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń jiyàn tẹ́lẹ̀ pé òfin náà ò de àwọn; lọ́dún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó dè wọ́n. Ìbéèrè yín kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ẹ fún mi ní ẹ̀dà òfin tó fi ìtanràn yìí lélẹ̀, iye tó kọ síbẹ̀, àti ìwé tí ẹ fi gbé iṣẹ́ fún àwọn tó ń gbà á. Mo fẹ́ràn lẹ́tà yìí ju lẹ́tà ẹ̀hónú lọ. Lẹ́tà ẹ̀hónú ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣàánú. Èyí ń ní kí wọ́n mú ìwé wá, bí ìwé ò bá sì sí, àwọn fúnra wọn á mọ̀.

Bí ẹ bá máa san án, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò gbà

Mo mọ̀ pé ọkọ̀ lọ̀pọ̀ fi ń jẹun. Onítakisí ò lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ kíláǹpù fún ọjọ́ méje nítorí òtítọ́. San án, ṣùgbọ́n mọ bí a ti ń san án. Kí owó lọ sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ìjọba, kó má ṣe jẹ́ ti ènìyàn, kó má sì ṣe jẹ́ POS ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n nawọ́ sí. Kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù wọn, ẹ kọ "Paid under protest" sí i lókè ibi ìbuwọ́lùwé, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nítorí kẹ́ ẹ lè rí ọkọ̀ gbà lẹ ṣe sanwó, ẹ ò gbà pé ẹ jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ṣùgbọ́n òun ni ìdáhùn sí "Ṣebí ó ti sanwó."

Ẹ wo orí rìsíìtì kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n lè mú yín fún ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí, kí rìsíìtì wá kà pé owó ìmọ́tótó ni tàbí owó ìwọlé páàkì. Bí ẹ bá mú irú rẹ̀ lọ sọ́fíìsì lọ́la, wọ́n á ní àwọn ò bù ìtanràn kankan lé yín rí.

Lẹ́tà àti òǹtẹ̀

Ojú ìwé kan tó. Ọjọ́, aago, ibi, nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, iye owó. Ìdí kan tàbí méjì tí kò fi tọ́. Ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Ìdí mẹ́fà nínú lẹ́tà kan ń sọ pé ọ̀kankan ò lágbára. Bí síbọ́ọ̀dù ò bá sí, ẹ dúró lórí ẹ̀: "Ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò sí síbọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilà lójú títì, fídíò rẹ̀ wà nínú fláàṣì tó bá lẹ́tà yìí wá." Ẹ má sọ ẹni tí ẹ mọ̀ ní Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà. Ẹ má pe òṣìṣẹ́ wọn lólè, kódà bó bá jẹ́ olè.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ̀dà kejì ni kí akọ̀wé tó gba lẹ́tà lu òǹtẹ̀ lé, pẹ̀lú ọjọ́. Bó bá kọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́nà tí wọ́n á fi fún yín ní rìsíìtì. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun ò rí i. Ìwé ẹ̀rí, ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ fún wọn. Kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò ni "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀". Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba sọ pé ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" mẹ́tàlá ti jẹ oṣù mẹ́ta tán. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà. Bó bá ku oṣù kan tí ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan, ẹ lọ rí lọ́yà, torí ó lè jẹ́ dandan kó kọ́kọ́ fún ìjọba ní ìwé ìkìlọ̀ kó tó pẹjọ́.

Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, owó lọ́yà sì lè ju ìtanràn ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Ọ̀nà tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni Public Complaints Commission, tí ìjọba àpapọ̀ ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1975, tó sì ń gba ẹ̀sùn àwọn ará ìlú lórí ìwà àìtọ́ ọ́fíìsì ìjọba. Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ tó ti wà ní kóòtù, wọn kì í gba èyí tó ti ju oṣù méjìlá lọ, wọ́n á sì kọ́kọ́ béèrè pé ṣé ẹ ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn lẹ máa nà sí wọn.

Bí wọ́n bá gbé yín lọ síwájú adájọ́

Nígbà mìíràn, kóòtù alágbèéká ni wọ́n máa gbé yín lọ tààrà, adájọ́ májísíréètì á jókòó sábẹ́ kánópì, èrò á tò lọ bẹẹrẹ. Gbogbo ènìyàn á máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ní ẹ jẹ̀bi kẹ́ ẹ lè tètè lọ sílé. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ó parí. Bí ẹ ò bá jẹ̀bi, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè fún àyè láti mú ẹ̀rí wá. Abala 36 kan náà ló fún yín ní àkókò tó tó láti múra ẹjọ́, ẹ̀tọ́ láti rojọ́ fúnra yín tàbí kí lọ́yà rò ó fún yín, àti ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ò bá yé yín. Ẹ má tijú láti béèrè ògbufọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti dáhùn "yes sir" sí ìbéèrè tí kò yé e.

Bí ẹ bá jàre ní ọ́fíìsì wọn, ẹ má fi gbogbo ọkàn retí owó padà kíákíá. Owó tó bá ti wọ àpò ìjọba kì í rọrùn láti yọ. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ láìgbà ni lẹ́tà tó sọ pé wọ́n ti fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì náà, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kẹ́ ẹ fi sínú pijin-hóòlù ọkọ̀, pẹ̀lú fọ́tò ibi tí kò ní síbọ́ọ̀dù yẹn. Àwọn géńdé méjèèjì ṣì wà nítòsí ọjà.